Ẹ jẹ́ kí màmá rìn: Èkó àti London

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun tẹ́ ẹ ní òbí nílé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, Peckham ní London ni mò ń gbé báyìí, ohun tí mo sì rí níbi méjèèjì ni pé àgbà tó bá ṣì ń ṣe nǹkan fúnra ẹ̀ lẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbé pẹ́.

Ìyá òyìnbó kan wà ládùúgbò mi ńbí, wọ́n á ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọ́n ń dá gbé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fa báàgì onítáyà wọn lọ sí Rye Lane lọ ra búrẹ́dì, àwọn náà ni wọ́n ń gbé ike ìdọ̀tí jáde, torí kò sẹ́ni tó máa bá wọn ṣe é. Tó o bá ti pé 60 ọdún ní London wàá gba káàdì tó o fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ iṣẹ́ ó di aago 9 àárọ̀, ẹni tó sì fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ rìn dé ibi tó ti ń dúró. Parkrun náà wà láàárọ̀ Sátidé, ìyẹn eré sísá tí àwọn èèyàn ń kóra jọ sá ní páàkì, kìlómítà 5 ni, ọ̀fẹ́ ni, Bushy Park ní London ńbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2004, tí o ò bá lè sáré, rìn ín, kò sẹ́ni tó máa lé ẹ.

Mi ò ní tan yín ṣá, tó bá di December tílẹ̀ ń ṣú láago 4, tí ilẹ̀ ń yọ̀, ẹ̀rù ìṣubú á há wọn mọ́lé, ìyá yẹn sì lè ṣe odindi ọjọ́ kan láì bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kó o tó dé kọ́nà, èèyàn mélòó lo máa kí!

L'Ékòó, iṣẹ́ àti ìjọsìn ló ń mú àgbà lo ara. Ìdúmọ̀tà ni màmá mi ti ń tajà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ, wọ́n á yà l'Ókè Àrín, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á tún gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wálé lálẹ́. Ẹ wá fi ìrun kún un, rákà 17 lójúmọ́, ìforíkanlẹ̀ 34, kí orúnkún àti ìbàdí máa gbé èèyàn dìde láti ilẹ̀ nígbà gbogbo bẹ́ẹ̀! Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni 65 ọdún sókè máa lo ara fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀, kó fi ẹ̀ẹ̀mejì ṣe èyí tó ń mú iṣan le, kó sì fi ẹ̀ẹ̀mẹta ṣe èyí tí ò ní jẹ́ kó ṣubú. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀ tipẹ́.

Àwa ọmọ la wá ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Tówó bá ti ń wọlé díẹ̀, a ó ní kí màmá ti ṣọ́ọ̀bù, a ó gba ọmọ ọ̀dọ̀, "ẹ jókòó, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó", kí wọ́n tó nawọ́ sí ife omi ọmọ ti sáré gbé e wá. Mo mọ Alhaja kan ládùúgbò wa tó jókòó bẹ́ẹ̀, àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gùn látìgbà tí wọ́n ti wà ní ìyàwó ilé, wọn ò lè gùn ún mọ́, èèyàn méjì ló ń gbé wọn sọ̀. Ó dùn mí gan-an.

Nígbà tí mo ní ká jẹ́ kí màmá tiwa ṣì máa fẹsẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò kọ́kọ́ gbà, wọ́n ní àwọn èèyàn á sọ pé à ń fìyà jẹ ìyá wa. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n màmá fúnra wọn sọ fún wa lórí fóònù pé, "Tí mo bá jókòó pẹ́, ẹsẹ̀ mi ń wú ni." Ohun tá a wá fẹnu kò sí ni pé ọmọ ọ̀dọ̀ á gbé ẹrù tó wúwo, màmá á máa fẹsẹ̀ lọ lẹ́yìn àsùbá kóòrùn tó mú, kí ọkọ̀ tó gba títì. Tí wọ́n bá wà nílé, kí wọ́n máa dìde lórí àga láì fọwọ́ tì í, kí wọ́n di tábìlì mú kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sókè. (Ẹni tó lẹ́jẹ̀ ríru tàbí tọ́kàn ń yọ lẹ́nu, kó kọ́kọ́ bi dókítà.)

Gọ́tà tí ò ní ìdérí nìkan ló ṣì ń bà mí lẹ́rù, ìjọba ló máa ṣe ìyẹn. Owó tá a fẹ́ fi gba ọmọ ọ̀dọ̀ kejì, a ti fi pe wẹ́dà, ó ti ṣe irin ìdìmú sí àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, a sì ra bàtà tí kì í yọ̀ fún màmá.