Mo sá fún "Mọ́mì" lọ sí Òró

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ pásítọ̀, ó máa yé yín. Láti ìgbà tí Lẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ títí dé Àjíǹde, ilé wa ní Ìlọrin ò yàtọ̀ sí gáréèjì. Ìsọjí, ìṣọ́ òru, ìrẹsì àwọn ọmọ Sunday School, ká tó palẹ̀ ìkòkò mọ́ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ti ń pè mí lórí aṣọ ẹgbẹ́ tí àwọn kan ò sanwó ẹ̀. Mọ́mì, ẹ dá sí i. Mọ́mì, jẹnẹrétọ̀ ò ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí mo pariwo lé ọkọ mi lórí nítorí ṣíbí, òun fúnra ẹ̀ ló ní, "Ìyá Tómi, lọ sinmi lọ́dọ̀ Ìyá Òró."

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni Ìyá Òró, ọgbà sì wà lẹ́yìnkùlé wọn.

Ní gáréèjì, dẹ́rẹ́bà kan ń kígbe "Òró, Ọ̀mù-Àrán, ó ku ẹnì kan!" Irọ́ gbuu! Bí mo ṣe jókòó báyìí ni méjì nínú àwọn tó wà nínú mọ́tò bọ́ sílẹ̀, àṣé ọmọ gáréèjì ni wọ́n, oòrùn ti mú ká tó kúrò níbẹ̀. Ó tún gbowó ẹrù lórí báàgì tí mo gbé lé itan ara mi. Mo gbà fún un. A dé Àjàṣẹ́-Ìpo, ó páàkì, ó ní òun ò kọjá ibẹ̀ mọ́, òun á dà wá sínú mọ́tò míì, dẹ́rẹ́bà kejì ní owó tí wọ́n fún òun ò tó, ká fi kún un.

Àlàájà kan tó jókòó níwájú ò tiẹ̀ jiyàn, wọ́n kàn yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, wọ́n jù ú sínú pọ́ọ̀sì. "Ṣé owó Àjàṣẹ́ lo gbà lọ́wọ́ wa ni?" Wọ́n wá yíjú sí mi: "Ìwọ náà sọ̀rọ̀, àbí o yadi ni?" Ha! Ẹnu tí mo ti ń fi sọ "Ọlọ́run á bùkún yín" látọjọ́ yìí, mo lò ó dáadáa lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ fún ìjọ. Dẹ́rẹ́bà àkọ́kọ́ mú owó jáde, gbogbo ẹ̀ rún wómúwómú. Tẹ́ ẹ bá dé gáréèjì, ẹ wo ọwọ́ àwọn tó ti jókòó: ẹni tí kò gbé nǹkan kan dání, ẹ fura sí i.

Ọgbà Ìyá ò ní òdòdó tẹ́ ẹ lè ya fọ́tò sí o. Kájú, máńgòrò, ewúro, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tán. Àsìkò kájú ló bọ́ sí, wọ́n sì ní kí n lọ wọ àkísà torí oje ẹ̀ kì í bọ́ lára aṣọ. À ń ṣa á nílẹ̀, à ń lọ́ kóró ẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń rà á, èso ẹ̀ ni mò ń mu títí tó fi há mi lọ́fun. Lọ́jọ́ tí Ìyá yan kóró náà nínú agolo tí wọ́n dálu, wọn ò jẹ́ kí n sún mọ́ ọn, òróró èèpo ẹ̀ máa ń bó èèyàn lára, iná ẹ̀ sì ń ru gùdù. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fọ́ fún mi gbígbóná, ti inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní Ìlọrin ò lè dé ibẹ̀ láéláé.

Oorun ọ̀sán ńkọ́? Lórí ẹní, lábẹ́ máńgòrò, mo sùn bí ẹni tí wọn ò ní pè mọ́. Àwọn kan gbọ́ pé ìyàwó pásítọ̀ dé, wọ́n wá fún àdúrà, Ìyá dá wọn padà láti ẹnu géètì: "Ọmọ mi ló wá kí mi, kì í ṣe ìyàwó pásítọ̀."

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí Èsìẹ́ lọ wo àwọn ère òkúta. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, òmíì jókòó sórí àpótí, irun wọn tí wọ́n gbẹ́ ò jọra. Mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n kó wọn sí ló kọ́kọ́ wà ní gbogbo Nàìjíríà, láti 1945. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Ramshaw, òyìnbó tó ń bẹ ilé ìwé CMS, ìyẹn ìjọ Áńgílíkà, wò, ló ròyìn ère náà fáyé ní 1933. Iṣẹ́ ìjọ ló gbé òun náà débẹ̀!

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, Òró sí Èsìẹ́ ò jìnnà, ẹ dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó gun ọ̀kadà, kẹ́ ẹ sì mú ṣéńjì dání, torí "kò sí ṣéńjì" lorin tí gbogbo wọn mọ̀ ọ́n kọ.