Ohun Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí Mo Pààrọ̀ Nọ́súlù Omi Gíláàsì Ọkọ̀

Nọ́súlù ni ẹnu kékeré tó ń tú omi sí gíláàsì iwájú ọkọ̀ kí wáípà lè nù ún. Èyí tó wà lára ọkọ̀ mi tẹ́lẹ̀ jẹ́ irú èyí tó máa ń ta omi ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Omi á lu gíláàsì lójú kan ṣoṣo, wáípà á wá máa wọ́ erùpẹ̀ gbígbẹ kiri ibi tí omi kò dé. Lójú ọ̀sán, èèyàn lè fara dà á. Àmọ́ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá kọjú síni, tàbí tí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ bá tàn sí gíláàsì náà, gbogbo ibi tí wáípà wọ́ yóò funfun báláú, ọ̀nà á sì pòórá mọ́ni lójú. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń sá 100 km ní wákàtí kan ń lọ ju mítà 27 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ka ọ̀rọ̀ nọ́súlù sí ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́.

Kí ẹ tó ra tuntun, ẹ kọ́kọ́ tọpa omi láti inú táǹkì rẹ̀ dé ẹnu tó ti ń jáde. Pọ́ǹpù kékeré kan tó ń lo iná fólìtì 12 ló ń ti omi wọ inú rọ́bà. Rọ́bà gba abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pín sí méjì, ó sì dé ọ̀dọ̀ nọ́súlù. Bí ẹ bá tẹ ohun tó ń tú omi nínú ọkọ̀ tí pọ́ǹpù kò dún rárá, ẹ wo fíúsì àti wáyà. Bó bá ń dún tí omi kò jáde dáadáa, ẹ yọ rọ́bà kúrò lẹ́nu nọ́súlù, kí ẹnì kan bá yín tẹ̀ ẹ́. Bí omi bá tú jáde lẹ́nu rọ́bà pẹ̀lú agbára, nọ́súlù ló dí. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń kán tótó, ẹ padà sẹ́yìn: rọ́bà lè ti là, ó lè ti ká níbì kan, tàbí kí àsẹ́ tó wà níbi tí pọ́ǹpù ti wọ inú táǹkì ti kún fún ìdọ̀tí yíyọ̀. Tuntun tí ẹ bá fi sórí pọ́ǹpù tí kò lágbára mọ́ kò ní ṣe dáadáa ju ti àtijọ́ lọ.

Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fiyè sí. Bí ẹ bá tẹ omi tó pẹ́ kó tó jáde, tí wáípà sì ti fi gbígbẹ nu gíláàsì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ó ṣeé ṣe kí fáàfù kékeré tó wà lójú ọ̀nà rọ́bà ti bàjẹ́, tàbí kó má tilẹ̀ sí níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí omi lọ síwájú, kó má sì jẹ́ kó ṣàn padà sínú táǹkì. Ọfà sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ọ̀dọ̀ nọ́súlù ni kí ọfà náà kọjú sí. Ohun kékeré ni, àmọ́ òun ló ń gba gíláàsì lọ́wọ́ yanrìn tí wáípà gbígbẹ ń fi í ha.

Nọ́súlù tó dí, ẹ lè gbà á là. Èérún tó ń ṣẹ́kù bí omi líle, ìyẹn omi tí èròjà ilẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, bá gbẹ ló sábà máa ń dí i, tàbí ìda tí wọ́n fi ń dán ara ọkọ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú fínẹ́gà funfun, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn wọ ẹnu rẹ̀ láti iwájú kí ìdọ̀tí lè gba ẹ̀yìn jáde, kí ẹ sì fi omi ṣàn án. Ẹ lè fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tú ihò irú èyí tó ń ta omi ní ìlà. Irú kejì, èyí tó ń fọ́n omi bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ṣí, ẹ má ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ láé.

Irú kejì yìí ni mo fi rọ́pò ti àtijọ́, inú mi sì dùn sí i gan-an. Kò sí ohunkóhun tó ń yí nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ inú rẹ̀ ló ń mú kí omi tó ń kọjá máa dà sọ́tùn-ún, kó máa dà sósì fúnra rẹ̀, kíákíá tí ojú kò fi lè tẹ̀ lé e. Ẹ̀kán wínníwínní tó bo gíláàsì lọ rẹrẹ ni èèyàn ń rí. Bí abẹ́rẹ́ bá ha inú ibẹ̀ pẹ́nrẹ́n, omi kò ní fọ́n bó ṣe yẹ mọ́.

Ẹ wo bí ihò tó wà lára bọ́nẹ́ẹ̀tì yín ṣe rí, bó ṣe fẹ̀ tó, àti bí ẹnu rọ́bà ṣe tóbi tó, kí ẹ tó sanwó. Bí nọ́súlù àtijọ́ bá ní wáyà lára, èyí tó ń gbóná ni, kí omi má baà dì í lẹ́nu nígbà òtútù. Bí ẹ bá fi èyí tí kò ní wáyà rọ́pò rẹ̀, ẹ ti pàdánù ìyẹn nìyẹn. Yíyọ rẹ̀ kò le. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ da omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sórí ibi tí rọ́bà ti so mọ́ ọn, ẹ kọ́kọ́ yí rọ́bà náà kí ẹ tó fà á. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ìkọ́ tó di nọ́súlù mú láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tì í jáde sókè. Ike tó ti gbó máa ń kán, nítorí náà ẹ fi sùúrù ṣe é.

Títò rẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an, ibẹ̀ sì ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tó ga jù: omi ọkọ̀ tó dúró yàtọ̀ sí omi ọkọ̀ tó ń sáré. Bí ẹ bá tò ó kó bọ́ sí àárín gbùngbùn gíláàsì nígbà tí ọkọ̀ dúró, atẹ́gùn á tẹ̀ ẹ́ rì sísàlẹ̀ tí ẹ bá ti dé ojú títì, omi kò sì ní dé ibi tí ẹ ń gbà wo ọ̀nà. Èyí tó ń fọ́n wínníwínní ni atẹ́gùn ń dà láàmú jù, torí ẹ̀kán rẹ̀ fúyẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí omi bọ́ sókè díẹ̀ sí àárín ibi tí wáípà ń nù. Èyí tó ń ta omi ní ìlà, abẹ́rẹ́ ni ẹ fi ń yí bọ́ọ̀lù kékeré inú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láìfi agbára ṣe é. Lára àwọn tó ń fọ́n, àwọn kan ní ìdè kékeré tí wọ́n fi ń gbé e sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀; àwọn mìíràn kò ní, ẹ má sì fipá yí wọn.

Ẹ wá wà á jáde lọ sí ọ̀nà tó dá, kí ẹnì kan jókòó tì yín kó máa wo ibi tí omi ń bọ́ sí, kí ẹ̀yin sì gbójú sọ́nà. Ẹ dúró, ẹ tún un tò, ẹ tún lọ. Bí omi bá ń fò kọjá òrùlé, ó ti ga jù. Ẹni tó wà lórí alùpùpù lẹ́yìn yín ló ń rọ̀ lé lójú, ìyẹn kò dára rárá. Bí ọkọ̀ yín bá ní kámẹ́rà lẹ́yìn gíláàsì lókè, ẹ rí i dájú pé omi àti wáípà ń dé iwájú rẹ̀, nítorí òun náà ń fi ojú ibẹ̀ wo ọ̀nà.

Ó ku omi fúnra rẹ̀. Ọṣẹ ìfọwo ń hó, ó sì ń fi àbàwọ́n sílẹ̀. Oògùn ìfọ-gíláàsì tí wọ́n ṣe fún un ló dára jù. Omi lásán máa ń di yìnyín ní 0°C, ó sì léwu lọ́nà mìíràn: ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 nípa England àti Wales fi hàn pé àwọn tí kì í da oògùn yìí mọ́ omi gíláàsì wọn wà nínú ewu tó pọ̀ jù láti kó àrùn Legionnaires, òtútù àyà kan tó le. Kòkòrò rẹ̀ ń gbé inú omi tó dúró sójú kan, ẹ̀kán wínníwínní ló sì ń gbé e wọ inú ìmí. Àmọ́ ẹ gbé ike oògùn náà síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé, nítorí mẹ́tánọ́ọ̀lù tó wà nínú àwọn kan jẹ́ májèlé. Ẹ má sì máa tẹ pọ́ǹpù nígbà tí táǹkì ti gbẹ. Omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń mú un tutù.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fọwọ́ kan ibi tí rọ́bà ti wọ nọ́súlù kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá wà níbẹ̀, rọ́bà náà kò wọlé tán. Ẹ gé orí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì tún un kì bọ̀ ọ́.