Fúláwà wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibo ni àpò mẹ́fà gbà lọ?

Bí oṣù bá parí tí owó ò sí nílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ní ilé búrẹ́dì n'Ìbàdàn, láti Mọ́níyà títí dé Challenge: fúláwà ló wọ́n. Òótọ́ ni. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí wọ́n fi ń lọ fúláwà wa ti ń wá, láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba sì ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, bí dọ́là bá mì, àpò fúláwà á mì. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni iye tí a ra ọjà, ọ̀tọ̀ ni bí a ṣe lò ó. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ á kàn máa fowó kún búrẹ́dì, nígbà tó jẹ́ pé òṣùwọ̀n rẹ̀ ló yẹ kó tún ṣe. Bí a ṣe ń yà wọ́n ni mo fẹ́ kọ síbí. Owó àpẹẹrẹ ni gbogbo owó tí mo máa lò. Ẹ fi iye tí ẹ rà á lọ́sẹ̀ yìí ní Ògùnpa tàbí Àgbẹni rọ́pò rẹ̀, kí ẹ tún ìṣirò náà ṣe.

Àpò kan ni ká fi ṣe ìpìlẹ̀, torí àpò ni gbogbo ilé búrẹ́dì fi ń ka iṣẹ́. Fúláwà kílò 50, ₦60,000. Ṣúgà kílò 6, ₦9,000. Bọ́tà kílò 2.5, ₦8,000. Yíìsì 400 gíráàmù, ₦3,000. Iyọ̀ 600 gíráàmù, ₦300. Èròjà olóòórùn àti èyí tí kì í jẹ́ kó tètè bu, ₦1,700. (Bromate, èròjà tí àwọn kan fi ń mú búrẹ́dì wú, kò sí níbẹ̀ o, NAFDAC ti fòfin dè é, kò sì yẹ kó sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.) Àpapọ̀ ₦82,000. Omi lítà 27 ló máa wọ inú rẹ̀. Bí a bá wọn gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lé díẹ̀ ní kílò 86. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, mọ́ tábìlì àti mọ́ ọwọ́ máa ń tó kílò kan àti ààbọ̀, kílò 85 ló máa kù láti gé. Bí a bá ń gé e ní 850 gíráàmù, búrẹ́dì 100 ni. Iná á fa omi jáde lára rẹ̀, bí ìdá 12 nínú 100, tí èyí tó jáde nínú ófùn á fi máa wọn nǹkan bíi 750 gíráàmù.

Ẹ fi náílọ́ọ̀nù kún un, ₦5,000. Igi tàbí gáàsì, ₦9,000. Owó àwọn òṣìṣẹ́ tí a ń san fún lórí àpò, ₦8,000. Ó di ₦104,000. Èyí ni owó tó ń tẹ̀lé iṣẹ́: bí ẹ ò bá po àpò náà, ẹ ò ní ná an.

Owó kejì ni èyí tó dúró, tí ẹ máa san bóyá ófùn gbóná tàbí kò gbóná. Ilé ₦150,000 lóṣù. Mánájà, dírẹ́bà àti ọlọ́dẹ ₦450,000. Dísù jẹnẹrétọ̀ ₦420,000, iná IBEDC ₦130,000. Àtúnṣe ọkọ̀ ₦100,000. Ìwé-àṣẹ àti owó ìjọba ìbílẹ̀ ₦50,000. Ohun méjì ló kù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọ sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni owó oṣù ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá ń wà níbẹ̀ láti aago márùn-ún ìdájí, tí ẹ ò san nǹkan kan fún ara yín, ohun tí ẹ ń pè ní èrè, owó oṣù yín ni. Ẹ kọ ọ́: ₦300,000. Èkejì ni gbígbó ẹ̀rọ. Ófùn, ẹ̀rọ ìpò àti ẹ̀rọ ìgé tí ẹ rà ní ₦12,000,000, tó máa lò bí ọdún márùn-ún, ₦200,000 ló ń jẹ lóṣù. Bí ẹ ò bá kà á, ọjọ́ tí bẹ́líńgì ẹ̀rọ ìpò bá fọ́, inú owó fúláwà ni ẹ máa ti yọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ₦1,800,000.

Bí ẹ bá ṣètò láti ṣe àpò 120 lóṣù, àpò márùn-ún lójúmọ́ fún ọjọ́ 24, ₦15,000 nínú owó tó dúró ló kan àpò kọ̀ọ̀kan. Àpò kan di ₦119,000. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé wọ́n á pín in sí 100. Búrẹ́dì mẹ́ta nínú 100 máa ń jóná, tàbí kó wó, tàbí kó padà láti ọwọ́ àwọn tó ń tà á. Àwọn 97 tó kù ló máa san owó gbogbo wọn. ₦119,000 pín sí 97 jẹ́ ₦1,227 ó dín díẹ̀. Iye tó ná yín gan-an nìyẹn. Kì í ṣe ₦820 tí ẹni tó ń ka èròjà nìkan máa rí.

Ká wá sórí iye títà. Bí ẹ bá fi èrè ìdá 10 nínú 100 lé ₦1,227, ó di ₦1,350. Ẹ ṣàkíyèsí pé ₦123 tó lé lórí kò tó ìdá 10 nínú owó tó wọlé, ìdá 9.1 ni. Bí ohun tí ẹ fẹ́ bá jẹ́ pé kí ₦10 dúró sọ́wọ́ yín nínú gbogbo ₦100 tó wọlé, ńṣe ni ẹ máa pín ₦1,227 sí 0.9, yóò sì jẹ́ ₦1,363. Ìyàtọ̀ ₦13 yìí kéré lójú, àmọ́ lórí búrẹ́dì tó ju 11,000 lọ lóṣù, ó ń lọ sí ₦150,000.

Fúláwà tó ń bọ̀ ni kí ẹ fi dá iye lé, kì í ṣe èyí tó wà nílẹ̀. Bí èyí tó wà nínú stọ́ọ̀ bá jẹ́ ₦60,000 tí tuntun sì ti di ₦64,000, ₦41 ti wọ orí búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá tà á tán ní iye àtijọ́ á padà sọ́jà, kò sì ní rí àpò tó ń rà tẹ́lẹ̀ rà. Síbẹ̀, kò bọ́gbọ́n mu láti máa yí iye padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ₦50, ₦50 ni àwọn alágbàtà fẹ́ kí iye máa fi gòkè. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ kọ ààlà kan sílẹ̀: nígbà tí ohun tó lé lórí àpò kan bá ti tó ₦4,000, ẹ gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì sọ fún àwọn oníbàárà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Dídín ìwọ̀n kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni kò dára. Ẹ̀tàn ni, oníbàárà á sì mọ̀: 780 gíráàmù nínú páànù tí wọ́n ṣe fún 850 kì í kún ẹnu rẹ̀.

Nígbà mìíràn ẹ lè gba iye tó kéré sí ₦1,227 kí ẹ má sì pàdánù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé-ìwé kan ní Bódìjà fẹ́ búrẹ́dì 500 ní ₦1,150, owó lọ́wọ́. Owó tó ń tẹ̀lé iṣẹ́, ₦104,000 pín sí 97, jẹ́ ₦1,072 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ₦78 ń wọlé lórí ẹyọ kan, ₦39,000 lápapọ̀, tí yóò lọ sórí owó tó dúró. Ẹ gbà á bí ófùn bá ṣófo lákòókò náà. Ẹ má gbà á bó bá máa lé búrẹ́dì ₦1,350 kúrò nínú ófùn, tàbí bí àwọn alágbàtà yín bá máa gbọ́ tí wọ́n á sì fẹ́ iye kan náà.

Ẹ kọ èyí náà sára ògiri: búrẹ́dì 97 ní ₦1,350 jẹ́ ₦130,950, bí a bá yọ ₦104,000, ₦26,950 ló kù lórí àpò kan. ₦1,800,000 pín sí ₦26,950 kò tó 67. Àpò 67 ni ojú ibi tí kò ti sí èrè tí kò sì sí àdánù. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ ò tíì rí nǹkan kan jẹ.

Oṣù ti wá parí. Bọ́jẹ́ẹ̀tì fúláwà jẹ́ àpò 120 ní ₦60,000, ìyẹn ₦7,200,000. Ohun tí ẹ ná ní tòótọ́ jẹ́ ₦6,678,000. Akọ̀wé á ní a ti rí ₦522,000 fi pamọ́. Irọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n mọ̀ pa á. Búrẹ́dì 10,000 péré ló jáde, kì í ṣe 12,000. Ẹ ò lè fi owó àpò 120 wé iṣẹ́ àpò 100. Ẹ kọ́kọ́ tún bọ́jẹ́ẹ̀tì ṣe kó bá iṣẹ́ tí ẹ ṣe mu: 100 ní ọ̀nà ₦60,000 jẹ́ ₦6,000,000. Ẹ ti ná ₦678,000 ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ìwé stọ́ọ̀ fi hàn pé àpò 106 ló jáde, ìwé ọjà sì fi hàn pé ₦63,000 ni ẹ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ ti iye ọjà: ₦3,000 lórí àpò 106, ₦318,000. Ìyàtọ̀ ti ìlò: àpò mẹ́fà tó lé, ní ₦60,000 ti bọ́jẹ́ẹ̀tì, ₦360,000. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ₦678,000 gééré. Ọjà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tó ju ìdajì lọ nínú àdánù yẹn, inú ilé yín ló wà. Bí ẹ bá fi gbogbo rẹ̀ sórí iye búrẹ́dì, ẹ ń sọ fún oníbàárà kó wá san owó àpò mẹ́fà tí ẹ ò mọ ibi tó gbà lọ.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá, bí wọ́n bá rí àpò mẹ́fà, á ní ejò lọ́wọ́ nínú, wọ́n á sì lé ẹni tó ń mójú tó stọ́ọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé òṣùwọ̀n. Àpò 106 ní kílò 85 jẹ́ kílò 9,010. Ẹ pín in sí búrẹ́dì 10,000: 901 gíráàmù. Bó bá jẹ́ pé 901 ni wọ́n ń gé dípò 850, ẹ ti rí àpò mẹ́fà yín, ẹnì kankan ò jí nǹkan. Gíráàmù 51 péré lórí búrẹ́dì kan. Ọwọ́ ló máa ń fà á: bó bá di aago méjì òru, ẹni tó ń gé á dẹ́kun gbígbé e sórí òṣùwọ̀n, á máa fojú gé e, ojú sì máa ń gé e tóbi. Tàbí kí sípíríìnì òṣùwọ̀n ti rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá po fúláwà, ẹ mú mẹ́wàá nínú èyí tí wọ́n gé lórí tábìlì kí ẹ wọn wọ́n pọ̀. Kílò 8.5 ló yẹ kó jẹ́. Bó bá kọjá 8.7, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ẹ sì máa gbé ohun tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ dájú lé òṣùwọ̀n láràárọ̀, àpò iyọ̀ kílò kan tí ẹ ò tíì tú tó fún ìyẹn.

Bí ìwọ̀n bá pé tí àpò ṣì lé, ẹ wá àwọn ìdí yòókù. Ẹ wọn àpò nígbà tó ń wọlé, torí kílò kan tó bá dín, ₦1,200 nìyẹn. Ẹ ka èyí tó jóná, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń da nù láìkọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n má bàa bá wọn wí. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni kí ẹ tó béèrè ọ̀rọ̀ olè.

Ìdí kan wà tó máa ń fara pa mọ́, fúláwà olówó pọ́ọ́kú. Ẹni tó ń ra ọjà á mú èyí tó fi ₦2,000 dín wá, ìyàtọ̀ iye ọjà á sì dára nínú ìwé, ẹ ó sì yìn ín. Àmọ́ bí fúláwà náà kò bá lágbára, kò ní gba omi lítà 27, lítà 25 ni yóò gbà kó tó máa rọ̀ jù. Kílò méjì ti lọ, kílò 83 ló kù, búrẹ́dì 97 ló máa jáde dípò 100. Bí ẹ bá pàdánù kódà méjì péré nínú wọn, ₦2,700 ni, láti lè rí ₦2,000. Nítorí náà ẹ má ṣe ka ìyàtọ̀ iye ọjà láìwo ìyàtọ̀ ìlò oṣù kan náà. Ẹ fi àpò kan dán fúláwà tuntun wò kí ẹ tó ra ogún.

Àpò 20 tí ẹ ò ṣe ńkọ́? ₦26,950 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦539,000 ni kò wọlé. Kì í ṣe ẹ̀bi òṣìṣẹ́ bó bá jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UI àti Pólì wà nílé. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ló jẹ̀bi, tó pín ọdún sí méjìlá dọ́gba-dọ́gba. Ẹ ya oṣù ìsinmi sọ́tọ̀, ẹ ya Ààwẹ̀ sọ́tọ̀.

Ó ku ẹ̀ni. Dírẹ́bà tó bá ń fi ẹyọ kan ṣe ẹ̀ni lórí ogún, búrẹ́dì 21 ló ń gbé sílẹ̀ fún ₦27,000. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di ₦1,286. Ó ti fi ₦64 sílẹ̀ nínú ₦123 tó jẹ́ èrè yín, ìyẹn ju ìdajì lọ, ìwé títà á sì ṣì máa sọ pé ₦1,350 ni ẹ ń tà. Bí ẹ̀ni bá máa wà, ẹ kà á mọ́ iye: ₦1,420 lórí ẹyọ. Ìwé dírẹ́bà gbọ́dọ̀ ní òpó mẹ́rin: iye tó gbé jáde, iye tó tà, iye tó fi ṣe ẹ̀ni, iye tó gbé padà. Bí mẹ́ta tó kẹ́yìn kò bá pé iye ti àkọ́kọ́, ẹ bi í kó tó lọ sílé lọ́jọ́ náà, torí bó bá di ìparí oṣù, òun gan-an ò ní rántí mọ́.