Ṣé ó yẹ kí a sanwó lẹ́sìnnì fún ọmọ kékeré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Lẹ́sìnnì ti mọ́ wa lára láti ilé. Nítorí náà, bí ọmọ bá dé Year 1 (kíláàsì ọmọ ọdún 5 sí 6) ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò kàwé bíi tẹgbẹ́ rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó ń wá sọ́kàn òbí ni ẹni tí wọ́n máa sanwó fún. Owó náà kì í ṣe kékeré: bí wákàtí kan lọ́sẹ̀ bá jẹ́ £30, ọ̀sẹ̀ 12 ti di £360. Kí ẹ tó yọ ọ́ lápò, ẹ wádìí ohun tí ọmọ kò mọ̀ ní pàtó.

Ní oṣù Okúdù, àwọn ọmọ Year 1 máa ń ka ọ̀rọ̀ 40 fún tíṣà lójúkojú. 20 jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi, 20 yòókù ò nítumọ̀, irú bíi vap, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìró lẹ́tà ni ọmọ fi ń kàwé tàbí ó kàn há ọ̀rọ̀ sórí. Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, 32 ni wọ́n ń retí. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ á tún un ṣe ní Year 2. Wọn kì í torí rẹ̀ dá ọmọ dúró sí kíláàsì. Tí èsì bá jẹ́ 24, ẹ bi tíṣà: ìró wo gan-an ni kò mọ̀? Àbí ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kò lè so wọ́n pọ̀?

Ìbéèrè kejì yẹn ṣe pàtàkì nínú ilé Yorùbá, nítorí ẹnu wa kì í fẹ́ fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Bí a bá ń kọ́ ọmọ ní cat, ó máa ń di “kù-à-tù”. Ọmọ tó bá so kù, à àti tù pọ̀, kò lè gbọ́ cat láéláé. Ẹ pe c àti t ní kúkúrú, láìfi fáwẹ̀lì kankan tẹ̀lé e. Bákan náà, ọmọ tó ń pe ship ní s-h-i-p kò tíì mọ̀ pé ìró kan ṣoṣo ni sh, bí gb ṣe jẹ́ ìró kan nínú igbá. Ìwé tí iléèwé fún un mú wálé ni kẹ́ ẹ lò, ìṣẹ́jú 10 lójoojúmọ́, kí ó máa fìka tọ ọ̀rọ̀ bó ṣe ń kà. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò nílò ju èyí lọ.

Ẹ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò pẹ̀lú. Àyẹ̀wò ojú lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba, jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ tí kò tíì pé 16. Ní ti etí, omi lè kó sẹ́yìn ìlù etí ọmọdé, kó má gbọ́rọ̀ ketekete. Ọmọ tó ń yí tẹlifíṣọ̀n sókè, tàbí tí a pè láti ẹ̀yìn tí kò dáhùn, GP, ìyẹn dókítà ìdílé, ló yẹ kó kọ́kọ́ rí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní Yorùbá tí ẹ ń sọ nílé ló ń dá a dúró, ẹ má gbà. Èdè méjì kì í fa àìmọ̀wé. Bí Yorùbá bá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń bọ̀. Tó bá ń ta kókó nínú méjèèjì, ẹ sọ fún iléèwé.

Iléèwé ìjọba ní SENCO, tíṣà tó ń mójú tó àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ fi ímeèlì béèrè ìpàdé kí àkọsílẹ̀ lè wà, kí ẹ sì bi wọ́n ohun tí wọ́n máa ṣe, ìgbà mélòó lọ́sẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n máa tún wò ó. Bí ìṣòro bá jinlẹ̀, òbí fúnra rẹ̀ lè kọ̀wé sí káńsù fún àyẹ̀wò EHC, èyí tí wọ́n fi ń mọ ìrànlọ́wọ́ àkànṣe tí ọmọ nílò. Ọ̀sẹ̀ 6 ni òfin fún wọn láti sọ bóyá wọ́n máa ṣe é.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ sanwó, ẹ béèrè DBS tíṣà náà, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn bóyá ó ti dá ọ̀ràn rí, kí ó sì tẹ̀lé ètò ìró lẹ́tà tí iléèwé ń lò, torí ètò méjì lè da ọmọ rú. Ìdajì wákàtí tó fún ọmọ ọdún 6. Ibi tí wọ́n ti ń fún ọmọ ní bébà iṣẹ́ ojoojúmọ́ dára fún ẹni tó ti mọ nǹkan tó kù kó yára. Ẹni tí kò yé á kàn máa tún àṣìṣe kan náà ṣe ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, ẹ fún un ní ojú ìwé kan tí kò rí rí kó kà á. Bí àwọn ìró tí kò mọ̀ níbẹ̀rẹ̀ bá ṣì ń gbé e ṣubú, ẹ dáwọ́ owó dúró, kí ẹ padà sọ́dọ̀ SENCO.