Ilé tó ti wó, kí la fẹ́ fi ìwé rẹ̀ ṣe?

Ìwé ilé Àgùdà kan ni mò ń wá, ilé irú èyí tí àwọn tó padà dé láti Brazil kọ́. Ọ̀rọ̀ tí baba kan tí a jọ jókòó lónìí sọ fún mi nípa rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi. "Ọmọ mi, ilé tó ti wó, kí lo tún fẹ́ fi ìwé rẹ̀ ṣe?" Wọn kò fi gàn mí o. Ohùn tí àgbà fi ń rẹ ẹni tó ṣọ̀fọ̀ pẹ́ jù lẹ́kún ni wọ́n fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí.

Iṣẹ́ òní kò pọ̀. Mo dé Àkáífù, ibi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, nínú Yunifásítì Ìbàdàn láàárọ̀, mo kọ nọ́ńbà fáìlì sílẹ̀ fún wọn, mo jókòó tì wọ́n. Iná lọ, iná dé. Fáìlì CSO (ti ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba amúnisìn) tí wọ́n gbé jáde kò ní ohun tí mò ń wá.

Baba wá nítorí ẹjọ́ oyè. Lọ́yà wọn ló rán wọn wá wo fáìlì Iba Prof kan (ti ìṣàkóso Ẹkùn Ìbàdàn láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì), níbi tí ajẹ́lẹ̀ ti kọ orúkọ àwọn ìdílé tó ń jẹ oyè náà sí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jókòó níbẹ̀, ilẹ̀ tàbí oyè ló gbé wọn wá. Ìwé wọn mọ ibi tó ń lọ, kóòtù ni. Tèmi ńkọ́? Ti ilé Àgùdà tó ti wó ni. Bíríkì kan kò sí nílẹ̀ mọ́.

Mo fẹ́ bínú. Àfi bí mo ṣe rántí Ilojo Bar, ilé Àgùdà mìíràn ní Tinúbú, nílùú Èkó. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855. Ní 1956, ìjọba kéde pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni. Ìwé wo ló tún ju ìyẹn lọ? Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Baba lè jàre. Ìwé kò di ògiri mú.

Ṣùgbọ́n ṣé torí kí ilé tí mò ń sọ yẹn lè dúró ni mo ṣe ń wá ìwé rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Bóyá níbẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, ọwọ́ tó kọ́ ọ ni mò ń wá. Ta ló fi sìmẹ́ǹtì mọ òdòdó sórí àwọn fèrèsé yẹn? Ìwé ilẹ̀ kì í sọ ọ́. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn onílẹ̀ ní Crown grant, ìwé tí ìjọba fi jẹ́rìí pé ilẹ̀ jẹ́ tiwọn. Wàá rí ẹni tó ni ilẹ̀ níbẹ̀. Bíríkìlà àti káfíńtà, rárá.

A ṣì rí orúkọ díẹ̀ dì mú. Lazaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross ti àkọ́kọ́ ní Èkó, tó parí ní 1881. João Baptista da Costa àti Sanusi Aka ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Wọ́n ṣì ń kírun nínú mọ́ṣáláṣí náà. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ti lọ ní tirẹ̀, kàtídírà mìíràn ló wà níbẹ̀ lónìí, àmọ́ mo mọ ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Èyí ni ǹ bá fi dá baba lóhùn. "Ẹ ṣé, sà" nìkan ni mo rí sọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n rí fáìlì tiwọn. Ẹ ò bá rí i bí ojú wọn ṣe là! Wọ́n fi ìka lé orúkọ bàbá àgbà wọn, wọ́n kà á sókè, wọ́n tún un kà, wọ́n pè mí pé kí n wá wò ó. Kì í ṣe ẹjọ́ ni wọ́n ń rò nígbà yẹn, mo lè búra. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìbínú mi. Ó tún ti padà díẹ̀ lálẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kò le tó ti àárọ̀...

Lọ́la, ìwé ìròyìn Lagos Weekly Record ti àwọn ọdún 1890 ni mo fẹ́ béèrè, mo fẹ́ fara balẹ̀ ka àwọn ìkéde inú rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní àgbà tó gbé Pópó Àgùdà ní Èkó rí, ẹ bá mi bi wọ́n ta ni bíríkìlà ilé wọn. Mi ò béèrè onílé o. Bíríkìlà ni.