Etíkun wo là ń gbé àwọn ọmọ lọ nínú họlidé yìí?

Láti ìgbà tí ilé-ìwé ti gba họlidé gígùn, ọ̀rọ̀ òkun nìkan ni wọ́n ń sọ nílé wa. Ìbàdàn la ń gbé. Omi tó wà nítòsí wa kò ju Ẹlẹ́yẹlé àti Asẹ́jìrẹ́ lọ, èmi ò sì ní jẹ́ kí ọmọ mi wẹ̀ nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àkọ́bí wa ọkùnrin ti ń na fóònù sí mi lójú láti àárọ̀ dalẹ́: agbòòrùn pupa lórí yanrìn, àgbọn tí wọ́n ti bẹ́ lórí, ọmọge tó wọ jígí dúdú. Ohun tí mo kíyè sí ni pé nínú gbogbo àwòrán náà, kò sẹ́ni tí omi mù kọjá orúnkún. Mo bi í pé kí ló fà á. Ó ní bóyá wọn ò fẹ́ kí irun wọn tutù ni.

Irun kọ́ o. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi díẹ̀. Etíkun tiwa yìí, láti Èkó lọ títí dé Lomé, gbọọrọ ló lọ. Gúúsù ló kọjú sí, kò sì sí erékùṣù kankan níwájú rẹ̀ tí ìgbì lè kọ́kọ́ fọ́ lé lórí. Nígbà tí àwa bá wà nínú oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, ìgbà òtútù ni wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún, ìjì ńlá a sì máa jà lójú òkun Àtìláńtíìkì níbẹ̀. Ìgbì tí ìjì yẹn bá gbé dìde á máa rìn bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, etíkun wa ló sì ń já sí. Bí òkun ṣe wá ń bínú gan-an lásìkò tí àwọn ọmọ wa gba họlidé nìyẹn.

Èyí tí à ń rí lójú kọ́ ni mo tiẹ̀ ń bẹ̀rù jù. Omi tí ìgbì bá gbé wá sórí yanrìn gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti wá, ó sì máa ń wá ojú kan tóóró gbà, á máa sáré níbẹ̀. Ojú omi níbẹ̀ a máa dákẹ́, ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ fọ́ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àlejò fi máa ń rò pé ibẹ̀ gan-an ló rọ̀. Ẹni tí irú omi bẹ́ẹ̀ bá gbé kò gbọdọ̀ bá a du ọ̀nà ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni kó lúwẹ̀ẹ́ sí, kó máa bá etíkun lọ títí yóò fi bọ́ kúrò nínú rẹ̀, kó tó wá kọjú sí ilẹ̀. Ó rọrùn láti kọ síbí. Àwọn ìbejì mi jẹ́ ọmọ ọdún méje, ta ló máa rántí ìyẹn nígbà tí iyọ̀ bá kún un nímú?

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ bíìṣì kan fún mi, ìbéèrè mi kò ju ọ̀kan lọ: kí ló wà láàárín ọmọ mi àti òkun gbangba?

Àkọ́bí wa fẹ́ Ẹlẹ́gùṣì. Orin, súyà, ẹṣin tí wọ́n ń gùn ya fọ́tò. Bàbá Ìbejì ní òun ò lè wa ọkọ̀ dé Lẹ́kí kí òun tún sanwó fún ariwo tí òun ń gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Bódìjà. Landmark tí àbúrò mi máa ń kì bí ẹní kì oríkì, wọ́n ti wó ọ̀pọ̀ nǹkan níbẹ̀ ní 2024 nítorí ọ̀nà márosẹ̀ tó ń gba etíkun lọ sí Calabar. Ti Ìlàṣẹ, ilé ni wọ́n ń yá fún èèyàn níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá iye rẹ̀ fún mi, mo kí wọn kú iṣẹ́, mo sì pa fóònù.

Ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ borí ni Bàbá Ìbejì. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní Kútọ̀nù kó tó mọ̀ mí, látìgbà náà ni Faransé kò ti jẹ́ kó gbádùn. Grand-Popo, ní orílẹ̀-èdè Benin, ló ní ká lọ: ká gba Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ká kí àwọn ènìyàn wa tó wà níbẹ̀, ká kọjá sí Kútọ̀nù, ká yà ní Ouidah kí àwọn ọmọ rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń kó ẹrú lọ sí etí òkun, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin láti àárín ìlú dé ibi tí wọ́n kọ́ Ẹnu-ọ̀nà Àrèmabọ̀ sí ní 1995. Lẹ́yìn náà la ó wá forí lé Grand-Popo, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bodè Togo.

Ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó wá fi jọ́gíráfì mú mi. Ó ní ṣebí èmi náà mọ̀ pé òjò kì í pọ̀ lọ́hùn-ún nínú oṣù kẹjọ? Òótọ́ ni. Igbó kìjikìji tó gba ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kọjá já ní agbègbè yẹn, láti Ghana wọ Togo dé Benin, ọ̀dàn ló sọ̀ kalẹ̀ débi òkun. Lára ohun tó fà á ni pé etíkun ibẹ̀ yí díẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò bọ̀ a máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kì í sì kọlù ú tààrà. Èkó náà máa ń sinmi òjò nínú oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n ìsinmi ti Èkó, ẹ mọ̀ ọ́n: ojú ọ̀run á ṣú, á máa wínníwínní, aṣọ ò ní gbẹ. Òkun Grand-Popo fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń wọ̀, àmọ́ odò Mónò ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rọra lọ pàdé òkun ní ibi tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roi, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n gbé àlejò kiri lórí rẹ̀. Nǹkan tí mò ń béèrè nìyẹn gan-an. Mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìgbà tó di ọ̀rọ̀ Sẹ̀mẹ̀ ni ojú mi wálẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Àgbádárìgì dé ẹnu bodè rí kò nílò àlàyé: ẹ dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí lẹ kó, ẹ wá nǹkan fún wa. Ènìyàn mẹ́fà ni wá. Páspọ́ọ̀tù àwọn ìbejì ti kú, ti Màmá kò tiẹ̀ sí rí, yẹ́lò káàdì ń bẹ níbẹ̀ tó ń retí owó tirẹ̀, a ó sì tún ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà. Mo fi bírò ṣírò rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́, mo sì gbé e sí iwájú Bàbá Ìbejì láìsọ̀rọ̀. Ó wò ó títí. Ó ní, “Ọdún tó ń bọ̀, nígbà ọyẹ́.” Mo ní àmín. Nígbà ọyẹ́ òkun náà á ti rọlẹ̀.

Ti Màmá, ìyá ọkọ mi, ọ̀tọ̀ ni. Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n dàgbà sí. Bar Beach ni wọ́n mọ̀, nígbà tí àwọn Aládùúrà máa ń wọ aṣọ funfun lu agogo níbẹ̀ láti ìdájí, tí ìdílé á gbé kúlà jọ́lọ́ọ̀fù lọ ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde. Wọ́n tún rántí pé ibẹ̀ kan náà ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní 1971, tí èrò sì ń wọ́ lọ wòran. Bàbá wọn kò jẹ́ kí wọ́n lọ. Màmá kò fọkàn tán òkun. Àgbádárìgì ni wọ́n dìbò fún: ká wo ilé alájà àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1845, ká wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà sí Gbẹrẹfú, ká gba abẹ́ igi àgbọn rìn dé ibi tí òkun wà, ká wò ó, ká padà.

Mo ní, “Màmá, àwọn ọmọ fẹ́ wọ omi ni o.”

“Ìyá Ìbejì, ta ló ní kí wọ́n wọ̀ ọ́? Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.”

Ibẹ̀ ni mo ti mú tèmi jáde: Tarkwa Bay. Kì í ṣe pé ó lẹ́wà jù. Ògiri òkúta ló jẹ́ kí n yàn án. Láyé àwọn òyìnbó, yanrìn ló dí ẹnu omi Èkó, ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé láìbẹ̀rù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n wá to òkúta wọnú òkun ní apá méjèèjì ẹnu omi náà. Ọkọ̀ ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n yanrìn etíkun wa kì í dúró lójú kan, láti ìwọ̀ oòrùn ló ń rìn lọ sí ìlà oòrùn, ògiri yẹn sì dá a dúró. Apá ìwọ̀ oòrùn ń fẹ̀ sí i, apá ìlà oòrùn tí Bar Beach wà kò rí yanrìn gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ wọlé lọ́dọọdún. Wọ́n da yanrìn sí i títí, ó ń gbé e lọ. Ibi tí wọ́n padà fi yanrìn kún láti kọ́ Eko Atlantic sí lónìí nìyẹn. Abẹ́ ààbò ògiri òkúta kan náà yìí ni Tarkwa Bay wà. Ìgbì á fọ́ sí ìta, èyí tó bá wọlé á ti rẹ̀ ẹ́.

Mo sọ fún Màmá pé ògiri tó jẹ́ kí òkun jẹ Bar Beach wọn ló máa gba ìgbì dúró fún ọmọ-ọmọ wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá bèèrè bóyá ọkọ̀ ojú omi náà máa gba kúlà.

N kò sọ pé kò lábùkù. Lẹ́yìn òjò, ike àti ọ̀rá inú ọ̀sà a máa já síbẹ̀. Àwọn tó ti ń gbé níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́, àwọn ológun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn jáde ní oṣù kìíní 2020, mo sì fẹ́ kí àkọ́bí wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó ya fọ́tò níbẹ̀. Omi rẹ̀ náà òkun ni: ẹ má jókòó lábẹ́ agbòòrùn kẹ́ ẹ máa fi fóònù ṣọ́ ọmọ.

Ọ̀nà tí a máa gbà lọ ló dùn mọ́ àwọn ìbejì jù. Rélùwéè la máa wọ̀ ní Mọ́níyà dé Èbúté Mẹ́ta, ìyẹn èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2021. A ó sùn sọ́dọ̀ àbúrò Màmá, ká wọ ọkọ̀ ojú omi ní CMS lówùúrọ̀, torí mọ́tò kì í dé Tarkwa Bay. Àárín ọ̀sẹ̀ ni, kì í ṣe Sátidé. Kódà ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wa ọkọ̀ yín, ẹ wo kàlẹ́ńdà dáadáa: àpéjọ ńlá Rìdíìmù máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ẹ mọ bí ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó ṣe máa ń rí lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ tún ra jákẹ́ẹ̀tì ojú omi tó bá ọmọ yín mu kẹ́ ẹ tó lọ. Èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń kó fún èrò, ti àgbàlagbà ló pọ̀ jù, ọmọ kékeré lè yọ́ jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Tiwa ti délé, àwọn ìbejì ń wọ̀ ọ́ wo tẹlifíṣọ̀n.

Ó ku àkọ́bí. Ó ti rí i lórí fóònù pé àwọn ọmọkùnrin kan ní Tarkwa Bay máa ń dúró lórí pátákó gun ìgbì, ó ní òun náà fẹ́ kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ láti etí kan dé èkejì nínú omi ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ilé wa láìdi nǹkan kan mú. Ó ti ń lọ níbẹ̀ láràárọ̀. Ìdajì ló dé lánàá.