Ọ̀wẹ̀ Lórí Ìṣirò Kírísítà: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé

Púrógíráàmù kékeré kan ní èdè C la ń mú yára sí i. Ó ń gba ipò àwọn átọ́ọ̀mù inú kírísítà, ó sì ń ṣírò F(hkl), ìyẹn bí àmì ìtànṣán X-ray kọ̀ọ̀kan yóò ṣe lágbára tó, pẹ̀lú fáàsì rẹ̀ (ibi tí ìgbì rẹ̀ dé nínú ìyípo rẹ̀). Nọ́ńbà mẹ́ta tí a fi ń dá àmì mọ̀ ni hkl. Lysozyme inú funfun ẹyin adìyẹ la fi ń dán an wò, énsáìmù tí wọ́n kọ́kọ́ fi X-ray rí ìrísí rẹ̀, ní London lọ́dún 1965. Láìka háídírójìn, átọ́ọ̀mù rẹ̀ tó nǹkan bí 1,000. Nínú kírísítà P43212 (orúkọ ọ̀nà tí àwọn ẹ̀dà gbà tò sínú rẹ̀), ẹ̀dà mẹ́jọ ló wà nínú unit cell kan, ìyẹn àpótí kékeré tó ń tún ara rẹ̀ ṣe jákèjádò kírísítà. Bí a bá ṣírò dé kúlẹ̀kúlẹ̀ 2 Å (Å kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà), àmì tó dá yàtọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,000. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: cos àti sin mílíọ̀nù 64 fún ìyípo kan ṣoṣo.

Ọ̀sẹ̀ 1. Kò tíì sí ọ̀wẹ̀, ìyẹn pípín iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ thread (àwọn òṣìṣẹ́ inú púrógíráàmù) láti ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ àṣetúnṣe la kọ́kọ́ gé. Agbára ìtúká átọ́ọ̀mù kò ju irú átọ́ọ̀mù àti igun lọ, C, N, O àti S nìkan ló sì wà níbí. Exp (ìṣirò e^x) mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 16 péré fún àmì kan, dípò 4,000. Exp ti B (bí átọ́ọ̀mù kan ṣe ń gbọ̀n tó) náà, ẹ̀ẹ̀kan ni fún ẹ̀dà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. A kì í sì yí átọ́ọ̀mù káàkiri mọ́: hkl la ń yí.

Ọ̀sẹ̀ 2. A fi `-O3 -fopenmp` ṣe compile rẹ̀, a sì gbé `#pragma omp parallel for`, àṣẹ OpenMP tó ń pín iṣẹ́ fún thread, sórí lúùpù átọ́ọ̀mù (iṣẹ́ tí a ń tún ṣe fún átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan). Àṣìṣe gbáà ni. Ìdáhùn ń yàtọ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá tún un ṣe, nítorí thread méjì ka àpapọ̀ kan náà, oníkálukú fi tirẹ̀ kún un, ẹni tó kọ kẹ́yìn sì pa ti ẹnì kejì rẹ́. `reduction(+:re,im)`, tó ń jẹ́ kí thread kọ̀ọ̀kan ro tirẹ̀ kí a tó pa wọ́n pọ̀, tún ìdáhùn ṣe (re àti im ni apá méjì F), àmọ́ ìgbà 8,000 la ń pe àwọn ọlọ́wẹ̀ jọ, tí a tún ń dúró dè wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan fún àmì kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé pragma náà sókè, sórí lúùpù hkl. Kí ẹ sì kọ `double re=0, im=0` sínú lúùpù náà, kì í ṣe sóde. Báyìí, thread kọ̀ọ̀kan ní poro tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tẹ ebè ẹlòmíràn. `schedule(static)`, ìyẹn pípín iṣẹ́ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀, tó, torí iṣẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan dọ́gba.

Ọ̀sẹ̀ 3. Àpapọ̀ R-factor (bí F tí a ṣírò ṣe jìnnà sí èyí tí wọ́n wọ̀n tó) la gbé sínú `sum[8]`, thread kan sí àyè kan. Ìdáhùn pé, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ìlà cache kan (cache ni ìrántí kékeré tó yára tó wà nítòsí core) jẹ́ báìtì 64, double (nọ́ńbà onídẹ́símà oníbáìtì mẹ́jọ) mẹ́jọ gééré ló gbà. Gbogbo àyè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lè wà lórí ìlà kan, kí àwọn core (ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ thread) sì máa já a gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ fi variable tó jẹ́ ti thread nìkan rọ́pò rẹ̀.

Kò sí ìyára tó ní ìtumọ̀ láìsí àyẹ̀wò. F(000) gbọ́dọ̀ sún mọ́ iye ẹ́lẹ́kítíróònù gbogbo àwọn átọ́ọ̀mù tí a kà nínú unit cell. F(hkl) àti ti òdì rẹ̀ (-h, -k, -l) gbọ́dọ̀ lágbára bákan náà, kí fáàsì wọn ta ko ara wọn. Ẹ má retí pé kí R-factor thread mẹ́jọ àti ti thread kan bára mu dé dígíìtì ìkẹyìn: ètò ìròpọ̀ yí padà, double sì ń gé èṣẹ́kù. Ìyàtọ̀ tó bá ju ìdá kan nínú bílíọ̀nù lọ la ń pè ní àṣìṣe.

Kíka fáìlì PDB, tí ipò àwọn átọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, ṣì wà lọ́wọ́ thread kan. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá àkókò, core mẹ́jọ kò lè mú ìyára ju ìlọ́po 4.7 lọ.

Ohun tó kù ni gradient, ìyẹn ibi tó yẹ kí a sún átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan sí kí ìṣirò lè túbọ̀ bá ìwọ̀n mu. Níbẹ̀, átọ́ọ̀mù ló ń gba èsì, kì í ṣe àmì, nítorí náà ìjà ọ̀sẹ̀ kejì yóò tún padà dé bí a bá pín hkl. Átọ́ọ̀mù la máa pín fún thread, hkl á wá bọ́ sí lúùpù inú.